Ọ̀dà Tó Ti Ṣá

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ ìkórè*
*Ibi kíkà:* Ìsíkíẹ́lì 13:10–15, Mátíù 5:23–24, Málákì 3:2–3. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á nínú Bíbélì yín kí ẹ tó máa bá mi lọ.

Ẹ kú ìmúra ìkórè. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí náà ni, a ò ní sún un síwájú mọ́. Àwọn télọ̀ wa ò rí oorun sùn, àwọn ìyá ń wá gèlè tó máa bá léèsì mu, ìgbìmọ̀ ti sanwó àgọ́. Àwọn onímọ́tò náà ò gbẹ́yìn. Láti àná ni mo ti ń rí i lójú Màlúù Róòdù níbí, àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ ò ráyè jẹun. Kálukú ló fẹ́ kí mọ́tò òun dán lọ́jọ́ ìkórè.

Mọ́tò náà ni mo fẹ́ fi bá yín sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ò ní mọ́tò, ẹ má tíì gbé fóònù sílẹ̀ o, ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀ dáadáa.

Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò wa yìí mọ ohun tí ojú mọ́tò ń rí. Ọwọ́ kan Àpápá, ọwọ́ kan Ajégúnlẹ̀, èbúté sì wà nítòsí. Ti Tin Can nìkan ti wà níbẹ̀ láti 1977. Ẹ ò tíì gbàgbé àwọn ọdún tí tírélà ń sùn lójú títì, kí wọ́n tó gbé ìlànà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Ètò jáde ní ọdún 2021. Eruku wọn àti èéfín wọn, ara mọ́tò ẹni ló ń bà lé. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ wá láti orí omi ní iyọ̀ nínú. Àwa tá ò sì ní gáréèjì, ẹnu ọ̀nà là ń páàkì sí; oòrùn àárọ̀ bá a níbẹ̀, oòrùn ọ̀sán bá a níbẹ̀.

Oòrùn yẹn gan-an ni ọ̀tá ọ̀dà. Ọ̀dà mọ́tò kì í ṣe àwọ̀ lásán. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó di àwọ̀ náà mú bí àtè, òun ló ń jẹ́ kó le, tó fi ń dán. Ìtànṣán oòrùn á máa já àtè yẹn díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí sínú á sì máa jẹ ẹ́, bó ṣe ń jẹ irin tí irin fi ń dípẹtà. Lọ́dún kìíní ẹ ò ní rí nǹkan kan. Lọ́dún kejì, ẹ lè má rí nǹkan kan náà. Ìgbà tó bá pẹ́, ẹ á kàn wò ó lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ tó pupa bí ẹ̀jẹ̀ ti di bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ jù, dúdú ti di eérú. Pupa ló máa ń tètè jìyà jù. Òrùlé àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣá, torí àwọn ló kọjú sí oòrùn. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lè ṣì máa dán. Ẹ fi àtàǹpàkò ra á, ẹ á rí ìyẹ̀fun bí ẹfun lọ́wọ́ yín. Ọ̀dà tó ti kú nìyẹn.

Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó kọlu ọkọ̀ náà. Kò ní jàǹbá kankan. Ó kàn ń dúró síbẹ̀ lójoojúmọ́ ni.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rí bẹ́ẹ̀. A ò ṣubú sínú ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tí ìjọ á fi pè wá jókòó. A kàn ṣá ni. Ìbínú kékeré kan tá a gbé sùn, irọ́ kékeré kan lẹ́nu iṣẹ́, gbèsè kan tá a ń fi ojú pa rẹ́, àdúrà tó ti di ká kàn ka á tán. Ọdún mẹ́wàá, ọdún ogún. Ẹ̀gbẹ́ tí àwọn èèyàn ń rí ṣì ń dán díẹ̀. Ibi tó kọjú sókè ni kò dán mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí a máa ń ṣe sí i. Tí ọkọ̀ bá ti ṣá báyìí, tí ayẹyẹ sì ti dé tán, a ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Wọ́n á da omi sí i, wọ́n á fi Omo fọ̀ ọ́ (ọṣẹ aṣọ kọ́ ló yẹ kéèyàn fi fọ ọkọ̀, ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀), wọ́n á wá fi ìda pa á lára. Láàárín wákàtí kan, ó dán! Ẹ lè rí eyín yín nínú rẹ̀. Ẹ sanwó, inú yín dùn. Òjò kan, òjò kejì, ẹ̀fun yẹn tún padà yọjú.

Mi ò bú ìda o. Ohun dáadáa ni. Ara ewé ọ̀pẹ kan tó ń hù ní Bùràsíìlì ni wọ́n ti ń rí ìda tó lókìkí jù fún mọ́tò, tí wọ́n ń pè ní carnauba. Ọ̀pẹ náà fúnra rẹ̀ ló ń fi ìda yìí bo ewé rẹ̀ kí oòrùn má baà fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: ó ń fi bo ewé tó yè. Iṣẹ́ ìda ni kó dáàbò bo ohun tó wà láàyè. Tá a bá fi pa ọ̀dà tó ti kú, òróró inú rẹ̀ ló kàn ń tan ojú wa jẹ fún ọjọ́ díẹ̀.

Ohun tó wà nínú Ìsíkíẹ́lì tí ẹ kà lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Wọ́n mọ ògiri kan tí kò lágbára, àwọn wòlíì wá fi ẹfun kùn ún, ó lẹ́wà lójú. Wọ́n ń sọ fáwọn èèyàn pé àlàáfíà wà, kò sì sí àlàáfíà. Ọlọ́run ní òun á rán òjò àti yìnyín sí i, ìgbà yẹn ni gbogbo ayé á bi wọ́n pé ẹfun tí wọ́n kùn dà. Ẹ kíyè sí i, Ọlọ́run ò bá ẹfun jà. Ògiri tí wọ́n fi ẹfun bò ló ń bi wọ́n léèrè.

Ìyá kan wà ládùúgbò yìí tí ọkọ rẹ̀ fi Volkswagen sílẹ̀ fún, èyí tí àwa Yorùbá ń pè ní Ìjàpá. Àwọn àgbà á rántí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tò ó pọ̀ lọ́nà Badagry, lápá Òjó lọ́hùn-ún, láti 1975. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti rà á ní tuntun. Pupa ni. Nígbà tí ọkọ fi kú, ó ti di bí àwọ̀ ẹnu ọmọ ọwọ́. Àbíkẹ́yìn wọn wá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ìyá ní dandan, ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ló máa gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ní kí àwọn kan fi ìda pa á. Ìyá ní rárá o, kí wọ́n pe Bàbá Péńtà, arúgbó kan tó ti ń kun ọkọ̀ láti ìgbà ayé ọkọ òun.

Bàbá dé, kò sọ̀rọ̀. Ó fi àtàǹpàkò ra bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé e hàn ìyá. Ó ní, “Ìyá, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ọ̀dà ṣì wà nísàlẹ̀. Èyí tó kú ló bo èyí tó yè mọ́lẹ̀.”

Wọ́n ti ọkọ̀ náà bọ́ sábẹ́ ibòji. Bàbá fọ̀ ọ́, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó tutù, nítorí èèyàn kì í ṣe irú iṣẹ́ yẹn lórí irin tó gbóná. Ó fi téèpù bo gbogbo etí àti igun. Lẹ́yìn náà ló mú kọ́ḿpáùn, ìyẹn ohun tó dà bí ọṣẹ ìfọyín àmọ́ tó ní yanrìn kíkúnná nínú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra á. Bó ṣe ń ra á ni àkísà rẹ̀ ń pupa. Ó sọ èyí nù, ó mú òmíràn, ìyẹn náà pupa.

Ìyá ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó figbe ta, “Ha, Bàbá! Ẹ̀ ń ha ọ̀dà ọkọ mi lọ tán o! Kí ló máa wá ṣẹ́ kù?”

Bàbá ò dúró. Ó ní, “Ìyá, òkú ni mò ń kó kúrò. Ẹ má sunkún òkú yìí.”

Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ṣe é. Lẹ́yìn kọ́ḿpáùn ó fi pọ́líìṣì tó tún kúnná ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ló tó mú ìda, ó fi pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọ̀ tó jáde, ìyá ní òun ò rí i rí láti ìgbà tí òun ti wà ní ìyàwó ilé. Òun ò mọ̀ pé bí ó ṣe pupa tó nìyẹn.

Ẹ̀yin ará, àkísà pupa yẹn ni ìṣòro wa. Ìgbà tí Ọlọ́run bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra wá, ohun tó ń kúrò lára wa máa ń jọ ohun tó ṣe iyebíye. Ó sọ pé kí o lọ jẹ́wọ́ fún ẹni tí o ṣẹ̀, o ní orúkọ mi ń lọ. Ó ní kí o dá owó padà, o ní owó mi ń lọ. Ó ní kí o fi ipò tí o ń torí rẹ̀ bá ará jà sílẹ̀, o ní iyì mi ń lọ. Àwọ̀ rẹ wà nísàlẹ̀, arákùnrin mi. Òkú ló ń kó kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀, nítorí ìkórè ló fà á tí mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ nínú ìjọ tiwa yìí, ẹni tó kó owó àjọ nígbà tó kàn án, tí kò dá a mọ́, wà láàárín wa. Àwọn tó yẹ kó kó tẹ̀ lé e ṣì ń retí owó iléèwé ọmọ wọn. Èèyàn wa yìí ti ra léèsì ìkórè. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò tún wà tí wọn ò kí ara wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti pín ilé bàbá wọn, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n, aṣọ kan náà ni wọ́n máa wọ̀, wọ́n á sì jọ jó lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Àìkú. Kí la fẹ́ pe ìyẹn? Ìda lórí ẹfun ni.

Jésù sọ ọ́ ní Mátíù orí karùn-ún, ọ̀rọ̀ náà ò ṣòro. Tí o bá gbé ọrẹ dé iwájú pẹpẹ, tí o wá rántí pé arákùnrin rẹ ní ohun kan sí ọ, fi ọrẹ náà sílẹ̀ níbẹ̀. Má gbé e padà sílé, má sì fi í rúbọ. Lọ bá a làjà ná, kí o tó padà wá. Àwa máa ń fẹ́ yí i po: ká kọ́kọ́ dúpẹ́, ká gbàdúrà ìdáríjì ní yàrá wa, kí a wá máa retí pé Ọlọ́run á bá wa yanjú tará. Sákéù ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dìde láàárín ilé rẹ̀, ó ṣírò owó tó máa dá padà, ìlọ́po mẹ́rin. Owó ló fi ra òkú kúrò lára.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tó jẹ mí lọ́kàn níbí. Kì í ṣe gbogbo ìyà ni kọ́ḿpáùn Ọlọ́run o. Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní wọ́ọ̀fù, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú, ẹ má lọ jókòó tì í kí ẹ máa sọ pé Olúwa ń ra á kó lè dán. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe irú rẹ̀, Ọlọ́run ò sì yìn wọ́n. Ẹ gbé oúnjẹ lọ fún un, kí ẹ pa ẹnu mọ́. Ohun tí mò ń sọ ni ibi tí Ẹ̀mí Mímọ́ fọwọ́ kàn nínú wa, tí àwa fúnra wa mọ̀.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ṣé ẹ mọ ìdí tí Bàbá Péńtà fi lẹ téèpù mọ́ etí ọkọ̀? Ọ̀dà ò nípọn rárá. Gbogbo ohun tó wà lórí irin mọ́tò, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò ju nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ, bí abala ìwé kan. Ní etí àti igun, ó tún fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́, tó ń fi agídí ra á, á dé ara irin láìmọ̀. Tí irin bá ti yọ, ìpẹtà dé nìyẹn, ó tún burú ju ọ̀dà tó ṣá lọ. Nítorí náà ni Bàbá fi ń dúró ní gbogbo ìgbà, tó ń nù ún, tó ń tẹ̀ ba láti wò ó, kó tó tún ra díẹ̀ sí i.

A ti ra àwọn ọmọ kan dé irin nínú ìjọ. Ọmọbìnrin tó gboyún láìtíì ṣe ìgbéyàwó, a gbé e dúró níwájú gbogbo èèyàn, a bá a wí, a tún bá a wí. Lónìí, kò sí nínú ìjọ wa, kò sí nínú ìjọ kankan. Èyí tí ọmọkùnrin tó fún un lóyún ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ akọrin ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká máa bẹ̀rù Ọlọ́run. Ní Málákì orí kẹta, ó ní ẹni tó ń yọ́ fàdákà *jókòó* tì í. Kò gbé e síná kó wá lọ sọ́jà. Ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó sì mọ ìgbà tó tó. Aísáyà náà sọ nípa Ìránṣẹ́ Olúwa pé esùsú tó ti fọ́, kò ní ṣẹ́ ẹ. Bí Olúwa wa ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ohun mìíràn tún wà lára Ìjàpá yẹn. Mọ́dígáàdì kan wà tí Bàbá ò fi kọ́ḿpáùn kàn rárá. Wọ́n ti kun ún rí, wọ́n fọ́n kílíà sí i lórí, kílíà náà sì ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Ó ní, “Eléyìí kọjá rírà. Ẹ jẹ́ ká fi sáńpépà yún gbogbo ẹ̀, ká tún un kùn.” Ẹnì kan wà tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ìjọ lo ti dàgbà, o mọ orin, o mọ ìgbà tí wọ́n ń dìde àti ìgbà tí wọ́n ń jókòó, àmọ́ o ò tíì fi ayé rẹ fún Jésù rí. Má wá máa dán ara rẹ. Ìwọ nílò ọ̀dà tuntun. Ẹ ka 2 Kọ́ríńtì 5:17.

Àwọn kan á ti máa bi mí pé, Pásítọ̀, ṣé ká má rán léèsì ni? Ẹ rán an o! Bàbá Péńtà náà lo ìda, kò fi kọ́ḿpáùn parí iṣẹ́. Ẹ wọṣọ, ẹ wé gèlè, ẹ jẹ́ kó dán. Ìda tó bá wà lórí ọ̀dà tó yè, ìyẹn ni ìkórè. Kí ẹ sì mọ̀ pé oòrùn á tún ràn lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Tí ẹyẹ bá yàgbẹ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín, ẹ má dúró de Sátidé kí ẹ tó nù ún. Tó bá gbóná sórí rẹ̀, ó ń jẹ ọ̀dà wọlé. Bí Pọ́ọ̀lù ṣe ní ká ṣe sí ìbínú nìyẹn nínú ìwé tó kọ sí àwọn ará Éfésù, kí oòrùn má wọ̀ bá a lára wa.

Lónìí ọjọ́ Ajé ni. Ọjọ́ ṣì wà nínú ọ̀sẹ̀. Ìwọ tí o jẹ owó àjọ, má dúró di ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá pé. Mú èyí tó wà lọ́wọ́, lọ bá wọn, dá ọjọ́ fún ìyókù, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ẹ má fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ dìde lọ. Ẹ̀yin tí wọ́n sì máa wá bá, tí ẹ bá gbọ́ kíkan ilẹ̀kùn, ẹ ṣí i. Ẹ má bi í pé kí ló pẹ́ tó báyìí.

*Àdúrà:* Olúwa, fọwọ́ kan ibi tí a ti ṣá, a ò ní fa ara wa sẹ́yìn. Fún wa ní ìgboyà láti lọ, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

*Ìfitónilétí:* Láti agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní títí di ọjọ́ Ẹtì, èmi àti Bàbá Ìjọ máa wà ní fẹ́sítìrì. Ẹni tó bá fẹ́ kí a bá òun dé ilé ẹni tí òun ṣẹ̀, kó wá. A ò ní bèèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀, a ó kàn wọ bàtà ká máa lọ ni.